Ẹ Béèrè Ipele Kí Ẹ Tó Gba Oyè Iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun kan wà tó ń jẹ owó àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia mọ́ wọn lọ́wọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì fura sí i. Oyè iṣẹ́ ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sábẹ́ orúkọ èèyàn nínú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́: programmer, software developer, software engineer, senior, lead, principal. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ lásán ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń sọ iye tí ẹni yóò gbà. Àwọn mìíràn gbà pé bí oyè bá ti dún, owó ti dé nìyẹn. Èrò méjèèjì ló ń ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá. Oyè kì í sanwó fúnra rẹ̀, àmọ́ òun ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí owó wà. Ẹni tí wọ́n bá ṣí yàrá kékeré fún, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, owó yàrá kékeré ni yóò bá níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé ní ilé-iṣẹ́ tó bá tóbi díẹ̀. Kí wọ́n tó polówó àyè iṣẹ́, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ á kọ ìwé tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà. Wọ́n á wá gbé àpèjúwe yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ owó-oṣù tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe tí wọ́n sì ń tà fún àwọn agbaniṣíṣẹ́, èyí tó ń fi iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń san fún irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn. Nínú àkójọ náà ni wọ́n á ti mú nọ́ńbà iṣẹ́ kan. Nọ́ńbà yìí ń sọ nǹkan méjì: ìdílé iṣẹ́, bóyá kíkọ sọ́fítíwia ni, tàbí dídán sọ́fítíwia wò, tàbí ríran àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, àti ipele, láti orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ títí dé orí ẹni tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń wò lójú kí wọ́n tó kọ́ nǹkan ńlá. Ìdílé àti ipele yìí ló ń bí ààlà owó: owó tó kéré jù, owó àárín, owó tó pọ̀ jù. Ọ̀gá tó fẹ́ gbani síṣẹ́ kò lè kọjá ààlà yẹn láìgbàṣẹ lókè. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá fi máa jókòó láti dúnàádúrà, wọ́n ti fa ilà yí ọ̀rọ̀ náà ká.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà. Ẹni tó ń ṣe é lè má kọ kóòdù rí láyé rẹ̀, oyè tó bá rí lórí ìwé ló máa tẹ̀ lé. Bí ìwé bá sọ pé "IT officer", inú ìdílé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tó ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ló máa sọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè máa kọ ètò tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń sanwó oṣù láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ìwé bá sọ pé "tester", ìdílé ìdánwò ni, kódà bó jẹ́ pé kóòdù tó ń dán kóòdù wò lẹni náà ń kọ lójoojúmọ́, tó sì le ju ti àwọn tó wà ní ìdílé kíkọ sọ́fítíwia lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, àmọ́ a ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ orúkọ ṣe ń rí nínú ìṣirò. Ní Amẹ́ríkà, Bureau of Labor Statistics, ọ́fíìsì tó ń ka ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó-ọ̀yà fún ìjọba àpapọ̀, kì í da àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwia pọ̀ sójú kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, owó ọdún tó wà láàárín gbùngbùn fún software developer jẹ́ $133,080: ìdajì wọn ń gbà jù ú lọ, ìdajì kò gbà tó o. Ti àwọn tó ń dán sọ́fítíwia wò jẹ́ $102,610. Ti computer programmer jẹ́ $98,670. Láàárín developer àti programmer, ó lé ní $34,000 lọ́dún.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ló fa gbogbo àlàfo yẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Nínú ìwé ọ́fíìsì yẹn, developer ni ẹni tó ń wádìí ohun tí àwọn tó máa lo sọ́fítíwia nílò, tó sì ń ya àwòrán bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Programmer ni ẹni tó ń gba àwòrán náà tó ń sọ ọ́ di kóòdù. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣiṣẹ́ báyẹn lónìí? Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹnì kan náà ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tó ń yàwòrán, tó ń kọ kóòdù, tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń jí lóru bó bá dákú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣì ń pè é ní programmer nítorí pé bí wọ́n ṣe ń pè é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, ọjà tí kò pọ́n ni wọ́n á máa fi wọn owó rẹ̀.

Orúkọ yìí kan náà ti dí ọ̀nà ìwé àṣẹ ìṣíwọ̀lú mọ́ àwọn kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣíwọ̀lú ní Amẹ́ríkà kéde pé bí wọ́n ṣe kọ "computer programmer" sínú ìwé ẹnì kan kò tó mọ́ láti fi hàn pé iṣẹ́ rẹ̀ nílò ìmọ̀ àkànṣe tí H-1B, ìwé àṣẹ tí àwọn àjèjì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ń béèrè. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ dá a lòdì sí iléeṣẹ́ náà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n sì fa ìkéde náà tì ní ọdún 2021. Láàárín ọdún tí ìyẹn fi wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé lè wà lára ohun tó ń ya ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ẹni tí wọ́n da ìbéèrè bò.

Níbo ni kí òṣìṣẹ́ wá dì mú? Ipele ni. Ọ̀rọ̀ bíi "senior" kò ní ìwọ̀n kan náà níbikíbi. Ní Google, L3 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí, L5 ni senior, L6 ni staff, èyí tó ga ju senior lọ. Ní Amazon, L4 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí, L6 sì ni senior. Microsoft ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 59, senior wà ní 63. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ L5, ẹ bi í pé ti ibo, nítorí L5 Amazon kò tíì di senior, ti Google sì ti dé ibẹ̀. Ní àwọn báńkì ńláńlá tó ń ṣòwò ìdókòwò, "vice president" kì í ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà rárá. Ipele àárín ni, ó ga ju associate lọ, ó rẹlẹ̀ sí director, àwọn tó ń kọ kóòdù níbẹ̀ sì pọ̀ lórí ipele yẹn. Ní Bell Labs, ilé ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, láyé ijọ́un, oyè kan náà, Member of Technical Staff, ni ogunlọ́gọ̀ àwọn onímọ̀ wọn ń jẹ́, owó wọn kò sì dọ́gba. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi etí kan gbọ́ oyè, kí ẹ fi ojú méjèèjì wo ipele.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ kó lè yé wa dáadáa. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ká ní ààlà owó ipele kejì bẹ̀rẹ̀ láti 80 dé 120, tí àárín rẹ̀ jẹ́ 100. Ti ipele kẹta bẹ̀rẹ̀ láti 105 dé 155, àárín rẹ̀ jẹ́ 130. Òṣìṣẹ́ kan wà ní ipele kejì tó ń gba 116. Àwọn tó ń ṣètò owó-oṣù á pín 116 sí owó àárín, á fún wọn ní 1.16. Lójú wọn, ẹni yìí ti gba púpọ̀, nítorí náà àfikún ọdún rẹ̀ á kéré, ká ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá gbé ẹni kan náà, pẹ̀lú 116 kan náà, sí ipele kẹta: 116 pín sí 130 jẹ́ 0.89. Ó ti di ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, àfikún rẹ̀ lè jẹ́ ìdá 5. Bí àjẹmọ́nú ọdún ipele kejì bá jẹ́ ìdá 10 tí ti ipele kẹta sì jẹ́ ìdá 15, ẹni àkọ́kọ́ á gba 118.32 àti àjẹmọ́nú 11.83, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 130.15. Ẹni kejì á gba 121.80 àti 18.27, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140.07. Nǹkan bíi 10 ti wọlé láàárín ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kún owó ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yí ipele padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì ń pín ìpín-ìdókòwò fún òṣìṣẹ́ sábà máa ń fi ipele wọn ìyẹn náà, níbẹ̀ sì ni àlàfo ti máa ń fẹ̀ jù.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni oyè ìdánilọ́lá. Owó ìgbéga ti tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ọ̀gá kò sì fẹ́ kí ọmọṣẹ́ tó dáńtọ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá fi "senior" tàbí "lead" lé e lórí láìyí ipele rẹ̀ padà nínú ìwé owó-oṣù. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì rẹ̀ yí padà, owó kò yí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun tẹ̀ lé oyè náà wọlé: kó máa tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó máa yẹ kóòdù àwọn ẹlòmíràn wò kó tó wọlé, kí wọ́n máa pè é lóru. Bó bá béèrè owó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á ní ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ga ni. "Lead" léwu ju "senior" lọ lápá yìí, torí pé ní ibi púpọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n yàn fúnni fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ipele. Bí iṣẹ́ àkànṣe náà bá parí, oyè àti owó díẹ̀ tó bá a wá á jọ bá tiwọn lọ. Àwọn tí wọ́n bá sì ń sọ di manager náà, kí wọ́n wádìí bóyá ipele yí padà: ilé-iṣẹ́ tó ní àkàbà méjì, ọ̀kan fún àwọn tó ń darí èèyàn, ọ̀kan fún àwọn tó ń kọ kóòdù, sábà máa ń san owó kan náà lórí ipele kan náà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ irú oyè bẹ́ẹ̀. Kó gbà á, àmọ́ kó gba ìwé pẹ̀lú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó sọ̀rọ̀ owó, ipele tí wọ́n ń gbé e lọ, àti ààlà owó ipele náà. Ìlérí tí kò ní ọjọ́ lórí kì í ṣe ìlérí. Oyè lásán náà ní ìwúlò tirẹ̀ níta, nítorí pé àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ń fi oyè ṣa orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí "senior" kò bá sí lára rẹ̀ lè má jáde rárá nígbà tí wọ́n bá ń wá senior. Ibi tí ìwúlò rẹ̀ parí sí sì nìyẹn: yóò gbé èèyàn dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò ní dáhùn ìbéèrè fún un.

Oyè tó tóbi ju iṣẹ́ lọ tún ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ CTO, ìyẹn ọ̀gá àgbà fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà, tó wá lọ wáṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, lè rí i pé ipele àárín ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n má pè é rárá, torí wọ́n rò pé kò kọ kóòdù mọ́. Kó má yí oyè náà padà nínú CV o, nítorí àwọn tó ń yẹ ìtàn iṣẹ́ wò máa ń béèrè oyè àti ọjọ́ lọ́wọ́ agbaniṣíṣẹ́ àtijọ́, bí kò bá bára mu, iṣẹ́ lè bọ́. Kó kọ oyè náà bó ṣe wà nínú lẹ́tà, kó wá fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn: iye èèyàn tó wà níbẹ̀, iye àwọn tó ń lo ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹni tó ń lọ gba iṣẹ́ tuntun ní láti mọ̀ pé ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ipele, ẹ̀yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n sábà ń pinnu ipele, ìbéèrè nípa bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀rọ ńlá ló sì máa ń wúwo jù níbẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù dáadáa àmọ́ tí kò lè ṣàlàyé ìdí tó fi yan irú ibi ìkó-ìsọfúnni-pamọ́ kan dípò òmíràn, tàbí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí apá kan bá kú, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀: ipele wo lẹ fẹ́ wọ̀n mí sí? Kí ni ààlà owó rẹ̀? Kí ló ń ya ipele yìí sọ́tọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e? Bí wọ́n bá fi ipele tó rẹlẹ̀ lọ̀ yín, kí ẹ má kàn béèrè owó sí i, torí pé òkè ààlà náà kò jìnnà. Ẹ ní kí wọ́n tún fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ètò ẹ̀rọ ńlá nìkan. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ wò ó bóyá oyè tó wà nínú lẹ́tà, èyí tí wọ́n sọ lẹ́nu, àti ipele tó wà nínú ìwé owó-oṣù ń sọ ohun kan náà. Ìwé owó-oṣù ló ń borí.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kéré sí ohun tó ń ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ gba sùúrù. Kó fi oṣù mẹ́ta kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú iye wákàtí. Kó gba ìwé àpèjúwe iṣẹ́ tirẹ̀, kó gba ti ipele tàbí ìdílé tó rò pé òun wà, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ojú ìwé kan péré, kó fi ẹ̀rí ti gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ètò tó yà, ìjàǹbá ẹ̀rọ tó yanjú, àwọn ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Kó má kọ "mo ń ṣiṣẹ́ kára". Iṣẹ́ kára kì í gbé ipele sókè, bí ẹrù iṣẹ́ ṣe gbòòrò tó ló ń gbé e. Kó sì mú un lọ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó ti ìṣúná ọdún tuntun pa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tì í, ọ̀gá tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ pàápàá kò ní rí owó mú.

Òfin wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́ níbòmíràn. Equal Pay Act ti Amẹ́ríkà, ọdún 1963, ń wo ohun tí iṣẹ́ jẹ́ gan-an nígbà tó bá ń fi owó ọkùnrin wé ti obìnrin, kì í wo oyè. Lórí owó àṣekún àsìkò náà, òfin wọn sọ pé oyè nìkan kò lè yọ òṣìṣẹ́ kúrò lára àwọn tó yẹ kó gbà á: lábẹ́ ìlànà tó yọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, owó ẹni náà gbọ́dọ̀ tó $684 lọ́sẹ̀ tàbí $27.63 ní wákàtí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìtúpalẹ̀ ètò, yíya ètò tàbí kíkọ kóòdù. Ẹni tó ń dáhùn ìpè àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kọṣẹ́, tí wọ́n wá ń pè ní "engineer", lè ṣì ní ẹ̀tọ́ sí owó àṣekún rẹ̀. Colorado ti ń fipá mú àwọn agbaniṣíṣẹ́ láti kọ ààlà owó sínú ìpolówó iṣẹ́ láti ọdún 2021, California tẹ̀ lé e ní 2023. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin 2023/970 fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú European Union ní gbèdéke títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2026. Ó ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ owó ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ààlà rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n má bi í ní iye tó ń gbà níbi tó ti ń bọ̀, kí wọ́n sì fi ìmọ̀ iṣẹ́, akitiyan, ẹrù iṣẹ́ àti ipò tí wọ́n ti ń ṣe é wọn iṣẹ́ tí ìníyelórí wọn dọ́gba.

Kì í ṣe òní ni àwọn obìnrin ti ń fara gbá ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 1945 láti máa kọ ètò fún ENIAC, ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà oní-iná àkọ́kọ́ láyé, lábẹ́ iṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí lórí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń ṣe, síbẹ̀ "subprofessional", ìyẹn ẹni tí kò tó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ni ìpele ìjọba tí wọ́n kà wọ́n mọ́. Àwọn ọkùnrin tó kọ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n pè ní ẹnjiníà.

Olóòtú, ìbéèrè mi lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń gba ìpolówó iṣẹ́ sọ́fítíwia sínú ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde sábẹ́ oyè náà: ipele, ààlà owó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àti bóyá owó náà jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó-orí tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Ìlà kan péré ni yóò gbà lójú ewé. Bí agbaniṣíṣẹ́ kan bá kọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé kò sọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó wà nídìí iṣẹ́ sọ́fítíwia.